Àwọn Tó Kọ́kọ́ Ṣí Lọ: Ìbéèrè Yín Lórí Ireland àti Ìgbé Ayé Òkè Òkun

Ẹ kú àtẹ̀yìnwá o, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òṣogbo Òròkí àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tí a kéde pé Ireland ni a fẹ́ fi ojú ìwé ìbéèrè ti ẹ̀ẹ̀kan yìí gbé yẹ̀ wò, a rò pé ọ̀rọ̀ físà nìkan ni yóò kún inú àpótí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ọmọ níbẹ̀ kọ̀wé, àwọn tó fẹ́ lọ kọ̀wé, àwọn tí kò tilẹ̀ ní ibi kankan í lọ náà kọ̀wé, torí ó ń yà wọ́n lẹ́nu pé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń jápa lọ lónìí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ti ń sá kúrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. A mú mẹ́jọ nínú àwọn ìbéèrè náà.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n kọ́ wa pé àrùn pòtétò ló lé àwọn ará Ireland kúrò nílé. Ṣùgbọ́n mo kà á pé àrùn náà dé àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ireland ló tú? — Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ béèrè ibi tó yẹ kí ẹ béèrè. Lóòótọ́, lọ́dún 1845 àrùn náà kò mọ ààlà. Kòkòrò àìfojúrí kan tó jọ olú, Phytophthora infestans, ló ń fà á, òtútù àti ọ̀rinrin ló sì ń jẹ́ kó tàn. Àpá dúdú á kọ́kọ́ yọ lára ewé, ohun kan tó funfun bí ìyẹ̀fun á hù lábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo gbogbo oko á ti dúdú, òórùn rẹ̀ á sì gba àdúgbò. Èyí tí wọ́n wà tí ojú rẹ̀ dára, tí wọ́n kó sínú kòtò ìpamọ́, wọ́n á padà ṣí i, wọ́n á bá omi dúdú tó ń rùn.

Ohun tó ya Ireland sọ́tọ̀ ni pé mílíọ̀nù àwọn tálákà ibẹ̀ kò ní oúnjẹ mìíràn. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko lè jẹ tó kílò 5 pòtétò lóòjọ́, pẹ̀lú omi wàrà. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní lumper ni wọ́n ń gbìn jù, torí ó ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu á tètè rí ewu tó wà níbẹ̀: bí a ṣe ń gé ebu ni wọ́n ń gé pòtétò gbìn, kì í ṣe èso ni wọ́n ń gbìn bí àgbàdo. Nítorí náà, gbogbo lumper tó wà láti etíkun dé etíkun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àìsàn tó bá mú ọ̀kan á mú gbogbo wọn.

Ẹ wá wo ti ilẹ̀. Onílẹ̀ ńláńlá ló ni oko, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gbé Ireland. Àgbẹ̀ ń gbin ọkà, ó ń sin màlúù, ó ń ṣe bọ́tà, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ni ó fi ń san. Pòtétò tó wà ní igun oko ni ti ẹnu rẹ̀. Bàbá á pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ á tún un pín, títí tí ìpín kọ̀ọ̀kan fi kéré débi pé pòtétò nìkan ló lè bọ́ ìdílé lórí rẹ̀. Nígbà tí àrùn dé, wọ́n ṣì ń kó ọkà àti ẹran jáde ní èbúté lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú àwọn tí ebi ń pa. Lọ́dún 1847, ìjọba tún fi ẹsẹ̀ kan sínú òfin ìrànwọ́: ẹni tó bá ń dá oko tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin éékà kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba àfi tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ ti di aláìnílé nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ òfin yẹn ni àwa yóò tẹnu mọ́ bí ẹ bá ń kọ iṣẹ́ yín. Ẹni tí ebi ń pa tó ṣì ní ilẹ̀ lè dúró de ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọ̀nà ló kù fún un.

Ìkànìyàn ọdún 1841 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 ní erékùṣù náà. Ti 1851 ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5. Àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan, àwọn tó lọ sì ju mílíọ̀nù kan. Títí di ìkànìyàn 2022, bí a bá pa Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland, tó jẹ́ mílíọ̀nù 5.1, pọ̀ mọ́ Àríwá Ireland, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 7. Wọn kò tíì padà dé iye ti 1841.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mẹ́nu bà ni pé ìṣílọ kò dúró nígbà tí ebi dúró. Àwọn ìdílé ti fi ojú wọn rí ohun tí pípín ilẹ̀ kéékèèké fà, wọ́n wá yí àṣà ogún padà: ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń jogún oko, ọmọbìnrin kan ló ń gba owó ìgbéyàwó, àwọn ìyókù á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n á lọ. Bàbá àti ìyá ti mọ̀ láti kékeré ọmọ pé èyí á lọ, èyí á dúró. Ẹni tó bá mọ ìdílé kan ní Èjìgbò tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sí Àbíjàn láti ìran dé ìran yóò mọ bí ọ̀nà kan ṣe máa ń di ti ìdílé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi wọn ní pósí? — Télọ̀ kan, Alékùwodò

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ pósí, orúkọ náà sì bá àwọn ọkọ̀ ọdún 1847 mu gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ agbégẹdú. Wọ́n á kó gẹdú wá láti Kánádà. Kí wọ́n má bàa padà lófo, wọ́n á fi pákó kan ibùsùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á sì kó èèyàn síbẹ̀. Ibùsùn kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, èèyàn mẹ́rin ló ń pín in. Òfin ọdún 1842 ní kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní omi tó lé díẹ̀ ní lítà 3 lóòjọ́, tí wọ́n á fi mu, tí wọ́n á fi dáná, tí wọ́n á fi fọ nǹkan, àti oúnjẹ gbígbẹ tó jẹ́ kílò 3 àti díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìrìn náà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn kò sì ka òfin sí.

Ohun tó pa wọ́n jù ni ibà tí iná ara, èyí tó ń gbé inú aṣọ, ń kó kiri. Inú ìgbẹ́ iná náà ni kòkòrò àrùn wà; bí ara bá ń yún èèyàn tó sì họ ọ́, ó ti wọlé. Èèyàn tó sùn mọ́ra, tó wọ aṣọ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn òkè mọ́ nígbàkigbà tí ìjì bá dé, kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ní Grosse Île, erékùṣù àyẹ̀wò tó wà lójú odò ṣáájú ìlú Quebec, àwọn tí wọ́n sin lọ́dún 1847 nìkan lé ní 5,000. Àwọn ìdílé tó ń sọ Faransé ní Kánádà gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ òrukàn tó kù tọ́, wọ́n sì jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn máa jẹ́ orúkọ bàbá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọkọ̀ kan tó yàtọ̀, torí òun ló fi hàn pé ikú yẹn kò pọn dandan. Jeanie Johnston lorúkọ rẹ̀. Quebec ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1847. Láàárín 1848 sí 1855 ó rìn lọ síwá-sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún, ó kó èèyàn tó lé ní 2,500, kò sì sí ẹnì kan tó kú nínú rẹ̀. Wọ́n gba dókítà sínú ọkọ̀, Richard Blennerhassett, ó sì mú ìmọ́tótó ní dandan: kí èèyàn gòkè wá gba atẹ́gùn, kí wọ́n sá ibùsùn, kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má dọ̀tí. Òkun kan náà, ìdílé tálákà kan náà, pákó kan náà. Ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n kàn ní àwòrán rẹ̀ wà ní èbúté Dublin lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ti lo ọdún kan àtààbọ̀ ní Dublin, ó ń kàwé, ó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì fi owó kan gúnmọ́ ránṣẹ́. Ṣé àwọn ará Ireland ìgbà náà kì í fi owó ránṣẹ́ sílé ni? — Ìyá kan tó ń ta aṣọ àdìrẹ, Ọjà Ọba

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń fi ránṣẹ́, Ìyá wa, owó náà sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń rí i fi ránṣẹ́, kí ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti ọmọ yín yàtọ̀.

Nílùú New York, lọ́dún 1850, àwọn ará Ireland dá báǹkì ìfowópamọ́ tiwọn sílẹ̀, Emigrant Industrial Savings Bank. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó owó síbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Iṣẹ́ wọn le, ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ni wọ́n ń gbé, oúnjẹ ọ̀gá ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í san owó ilé. Owó tó bá wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èrè lásán. Lẹ́tà tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń ní owó nínú, wọ́n á fi san owó ilẹ̀, wọ́n á fi san gbèsè ṣọ́ọ̀bù. Bó bá sì ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló wà nínú lẹ́tà, àbúrò tó kàn ló nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ara wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yín kò sí ní ipò yẹn. Ẹ bá wa ṣírò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Lọ́dún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún àgbàlagbà fún wákàtí kan jẹ́ Yúrò 13.50. Wákàtí 20 á fún un ní Yúrò 270 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jẹ́ Yúrò 1,080. Yàrá kan ṣoṣo ní Dublin lè gba ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọkọ̀, ẹ yọ oúnjẹ, ẹ yọ Yúrò 300 tó ń san lọ́dọọdún fún káàdì ìgbélùú rẹ̀, ká má tíì sọ owó ilé ìwé. Bí ẹ bá pè é, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èló ni yàrá rẹ̀ àti wákàtí mélòó ló ń rí ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbé ìpè òbí mọ́, ìtìjú ló fà á. Ìgbà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yege tó sì rí iṣẹ́ gidi ni ẹ lè máa retí ohun tí ẹ ń retí báyìí.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ bá máa lọ, àwọn ará Ireland máa ń ṣe àìsùn fún un bí ẹni tó ń ṣe àìsùn òkú. Ará àdúgbò á pé, wọ́n á jó, wọ́n á mu, bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ àwọn ìyá á bú sẹ́kún, wọ́n á sì sin ọmọ dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní rí i mọ́ láyé. Ẹ̀yin, ojú ọmọ yín wà nínú fóònù yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin kan tó ń sọ Yorùbá dáadáa, tó ní òun ń gbé Dublin, sọ pé òun ní yàrá fún mi, kí n san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó kúrò ní Òṣogbo. Ṣé kí n san án? — Ọ̀dọ́kùnrin, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án. Ìyẹn ni ẹ̀tàn tó dàgbà jù nínú gbogbo ẹ̀tàn ìṣílọ. Ní èbúté Liverpool àti ti New York láyé ọjọ́un, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dúró de ọkọ̀. Ọmọ Ireland ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n á fi èdè ilé kí àlejò, wọ́n á gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ràn án lọ́wọ́, wọ́n á mú un lọ sí ilé èrò tí owó rẹ̀ ti di ìlọ́po. Bí kò bá lè san, ẹrù rẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí wọn ni New York fi ṣí Castle Garden lọ́dún 1855, kí àlejò lè pààrọ̀ owó rẹ̀, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, kí ó sì béèrè iṣẹ́ nínú ọgbà kan tí àwọn ẹlẹ́tàn kò lè wọ̀. Ohùn tó dà bíi tilé ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Ohun tí òfin Ireland wí: owó ìdúró ilé (deposit) kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ, owó ilé oṣù àkọ́kọ́ sì ni wọ́n lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra rẹ̀ yàn láti san jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí onílé tó lè fi dandan lé e. Ẹ gba ibùgbé ilé ìwé tàbí ilé èrò fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí yàrá, kí kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn lójú yín, kí owó gba inú báǹkì kọjá, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kánjú torí àwọn mìíràn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti gba físà ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní ọ̀gá òun á máa san owó fún mi lọ́wọ́, kò sí pé mo ń kọ ohunkóhun sílẹ̀, mo sì lè ṣe tó wákàtí 45. Ṣé ó burú? — Obìnrin kan, Gbọ̀ngán Road

ÌDÁHÙN: Ó burú, a sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, torí àwọn ará Ireland ló jẹ gbèsè irú iṣẹ́ yìí jù.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nǹkan bí 400,000 èèyàn kúrò ní Ireland, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn sì lọ. Àwọn ọkùnrin wọn ló gbẹ́ ihò ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n la títì, tí wọ́n tún ilé tó wó nígbà ogun kọ́. Ní òwúrọ̀ kùtù, ní àwọn àdúgbò bíi Camden Town àti Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á dúró létí títì, bọ́ọ̀sì agbaṣẹ́ṣe á dúró, á nawọ́ sí èyí tó wù ú. Owó ọwọ́ ni. Kò sí orúkọ nínú ìwé, kò sí owó orí, kò sí owó ìbánigbófò ìjọba. Orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yẹn ni lump. Lójú ọmọ ogún ọdún, owó náà dùn, torí ó pọ̀ ju ti ẹni tó ń san owó orí lọ.

Nígbà mìíràn, ṣẹ́ẹ̀kì ni agbaṣẹ́ṣe á fún wọn, nínú ilé ọtí ní alẹ́ ọjọ́ ìsanwó. Wọn ò ní àkáǹtì báǹkì, nítorí náà onílé ọtí ló ń bá wọn pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì, àfi kí wọ́n ra ọtí kí ó tó san. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti di ọ̀mùtí nìyẹn, ó sì dùn wá nígbàkigbà tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ará Ireland kàn fẹ́ràn ọtí ni. Ọ̀nà tí owó iṣẹ́ wọn gbà dé ọwọ́ wọn ló gba inú ilé ọtí kọjá.

Ọgbọ̀n ogójì ọdún lẹ́yìn náà, eegun ẹ̀yìn ti bàjẹ́, ẹ̀dọ̀fóró kún fún eruku, wọ́n lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì, wọn ò bá orúkọ wọn nínú ìwé kankan. Ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ ìlú kan kò lè fi ìwé kan ṣoṣo hàn pé òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ kú nínú yàrá àdágbé.

Èyí ni bí ẹ ó ṣe ṣe tiyín. Láàárín ọjọ́ 90 tí ẹ bá dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè kí ẹ gba káàdì ìgbélùú. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè ní Stamp 2. Ẹ tètè gba àyè ìpàdé torí ó máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè nọ́ńbà PPS, tí wọ́n fi ń mọ èèyàn lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé ìdánimọ̀, ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé àti ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀ ni wọ́n á béèrè. Ẹ fi nọ́ńbà náà ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ níbẹ̀ kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ọ̀gá kò bá ní nọ́ńbà PPS yín, ó gbọ́dọ̀ yọ owó orí pàjáwìrì, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n ja òun lólè, á sì sá lọ síbi iṣẹ́ owó ọwọ́. Owó náà kò sọnù. Bí orúkọ bá ti wọ ìwé, wọ́n á ṣe é padà.

Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́. Wákàtí 40 ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, àti láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kíní. Ẹni tó bá ṣe 45 ti rú àdéhùn físà rẹ̀, ọ̀gá tó ń san owó ọwọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fi ń dẹ́rù bà á tí kò bá fẹ́ sanwó. Òfin ní kí ọ̀gá fún yín ní payslip, ìwé tó ń fi iye owó iṣẹ́ yín hàn, nígbà gbogbo tó bá sanwó. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀. Bí owó bá kù, Workplace Relations Commission ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, láàárín oṣù 6 sì ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ náà sùn.

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ wo ni mo lè kó wọ ọkọ̀ òfuurufú tí wọn ò ní gbà lọ́wọ́ mi? — Òǹkàwé, Sábó

ÌDÁHÙN: Ẹja gbígbẹ ni ẹ lè fọkàn balẹ̀ lé, títí dé kílò 20. Ẹran kò wọlé rárá: pọ̀nmọ́, súyà, kílíṣí, ẹran díndín inú ata, bó ti wù kó kéré mọ. Wàrà náà kò wọlé. Iṣu tútù, ewé ẹ̀fọ́ tútù, ata tútù nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ ìjọba Nàìjíríà kí wọ́n tó gbà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti ọ̀pẹ̀yìnbó kò nílò rẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ ti di ìyẹ̀fun, wọ́n kò sí lábẹ́ òfin ìwé ẹ̀rí yẹn, ṣùgbọ́n ẹ di wọ́n sínú ọ̀rá tí kò ní jò, kí ẹ kọ orúkọ wọn sára. Owó tó bá tó Yúrò 10,000, ẹ sọ ọ́ fún aṣọ́bodè kí wọ́n tó béèrè. Ẹ má ra pọ́lọ́ọ̀gì tuntun: oníhò mẹ́ta tí a ń lò nílé náà ni ti wọn.

ÌBÉÈRÈ: Òtútù ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí jù. Kí ni mo máa ṣe sí i? Àti pé ṣé mo lè wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Belfast? — Ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án

ÌDÁHÙN: Ti Belfast ṣe kókó ju òtútù lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú un kúrò. Àríwá Ireland, níbi tí Belfast wà, wà lábẹ́ Ìlú Ọba. Ẹ ò ní rí gééètì lójú ọ̀nà, àwọn àmì títì ló kàn máa yí padà láti kìlómítà sí máìlì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Ìlú Ọba. Wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n, tí ìwé tirẹ̀ bá gbà á, wá kí yín.

Òtútù Ireland kì í sábà dé yìnyín. Òjò àti afẹ́fẹ́ ni. Agboòrùn kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹ̀wù òjò tó ní fìlà lẹ́yìn, bàtà tí omi kì í wọ̀, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì mẹ́ta tí ẹ lè máa bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dára ju kóòtù ńlá kan lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí.

Òkùnkùn ni kò sí ẹni tó sọ fún yín. Ní oṣù Kejìlá ní Dublin, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá, ó sì ń wọ̀ ní kété tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá kọjá. Ẹ lè wọ ibi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, kí ẹ jáde nínú òkùnkùn, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oorun á máa kun èèyàn, inú á máa bàjẹ́ láìnídìí, ẹlòmíràn á sì máa wá ìdí rẹ̀ sí ilé. Ẹ jáde síta ní ọ̀sán gangan kódà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ sì bi àwọn apòògùn nípa fítámì D, torí àwọ̀ dúdú nílò oòrùn tó pọ̀ kó tó lè pèsè rẹ̀, oòrùn ìgbà òtútù ibẹ̀ kò sì tó.

Àwọn ará Ireland mọ oògùn ìdánìkanwà. Ibikíbi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn ará Mayo, ti Kerry, ti Cork, pẹ̀lú eré bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wọn ní ọjọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, ẹni tó ní yàrá, ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ wá ẹgbẹ́ yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ara yín ṣì le. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí nǹkan bàjẹ́, ojú á máa tì í láti wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló ṣẹlẹ̀ sí èdè àwọn ará Ireland? Ọmọ ọmọ mi méjì wà ní Cork, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí mi. — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ ni yín, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Láti 1831 ni ìjọba ti dá ilé ìwé sílẹ̀ káàkiri Ireland, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n á so igi kékeré kan mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìgbàkígbà tó bá la ẹnu sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fá ìlà kan sára igi náà, bí ilẹ̀ bá ṣú wọ́n á ka ìlà, wọ́n á sì nà án níye ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ rí ìgbà tí wọ́n ń na ọmọ torí fanákúlà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ohun tó dùn wá jù ni pé òbí ń fọwọ́ sí i. Wọ́n mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni ọmọ náà ń lọ, wọ́n sì rò pé èdè ilé á dí i lọ́wọ́. Ebi sì pa àwọn agbègbè ìwọ̀-oòrùn jù, níbi tí èdè náà ti lágbára jù. Lọ́dún 1851 àwọn tó ń sọ ọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5, lọ́dún 1891 wọ́n ti di nǹkan bí 680,000. Lónìí ìjọba ń ná owó ńlá láti dá a padà, àwọn ọmọ ọmọ yín náà á sì máa kọ́ ọ nílé ìwé.

Ẹ lè lo ìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ èdè méjì nílé ìwé kò ní rí ẹ̀kẹta bí ẹrù. Ẹ sọ fún òbí wọn kí ẹnì kan nínú wọn má sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn rárá nínú ilé, kó má sì yí i padà nígbà tí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dán wọn wò lórí fóònù pé kí wọ́n pe èyí, kí wọ́n pe tọ̀hún. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè yín. Ẹ ki wọ́n ní oríkì, ẹ pa àlọ́ kúkurú kan tó ní orin, orin kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè gbè é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ dára ju wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta dé èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago yín àti tiwọn dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tiyín á fi wákàtí kan ṣáájú. Bí ẹ bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní Òṣogbo nígbà òtútù, aago méje ni ní Cork, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, wọn kò sì tíì sùn.